Àgò Onílé

Òjò ti dá ní Alékúwodò, ṣùgbọ́n òrùlé ṣì ń kán
sínú báàfù tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà.
Iná wà. Ẹ jẹ́ n tètè ṣe é kó tó lọ.

Kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo rà lọ́wọ́ Múftáù ní Òkè-Onítíì,
mo ti tú gbogbo ẹrù àtijọ́ inú rẹ̀ dànù,
mo fi Línọ́ọ̀sì síbẹ̀: ojú dúdú, lẹ́tà funfun,
kò sí àwòrán, kò sí ẹ̀rín músẹ́,
àfi ọ̀pá kékeré kan tó ń ṣẹ́jú,
bí ẹni tó ní, "Mo ń gbọ́, wí tìrẹ."

Mo ní kí n kọ́kọ́ di gbòǹgbò ná,
ẹ̀ka kì í tún ara rẹ̀ gbìn.
Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Mo tẹ̀ ẹ́.
Ohun tí mo tẹ̀ kò hàn, ìràwọ̀ kan pàápàá kò yọ.
Ó gbà mí wọlé láìkí mi káàbọ̀.

Mo kí ara mi wò:
mẹ́tàdínláàádóje, òdo, òdo, ení.
Mo ní "Àgò o," ara mi ní "Àgò yà."
Ó dáa. Ó kéré tán, mo wà nílé.

Mo wá pín ojúlé fún agbo ilé:
ẹ̀rọ Sìdíkátù, ojúlé kẹwàá,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ogún,
tèmi, ojúlé karùn-ún.
Iwájú adírẹ́sì wa bára mu, ìparí nìkan la ti yà,
bí ọmọ ìyá tó jọra títí dé ìka ẹsẹ̀.

Ó ku oníbodè,
àpótí funfun orí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń gba ọ̀rọ̀ wa jáde síta.
Mo kọ ibùgbé rẹ̀ sínú fáìlì, mo kan ilẹ̀kùn:
Àgò o.
Àgò o.
Àgò onílé o.
Òjò kán tó sínú báàfù.
Ẹ̀rọ kọ ọ́ síwájú mi pé
mẹ́rin lo rán, òdo ló padà.

Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo pa á, mo tàn án.
Mo ka fáìlì bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Mo ṣépè fún Múftáù aláìṣẹ̀.

Màmá ti ń wò mí látorí àga.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì ní ìdíkọ̀ rélùwéè,
lẹ́tà wínníwínní kò tíì tàn án jẹ rí.
Ó da àpótí náà dojú bolẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú.
"Kí lo kọ síbẹ̀?"
"Òdo, Màmá."
"Òdo kọ́ nìyí. Mẹ́jọ ni. Ìbàdí rẹ̀ ló fún tí o ò fi rí i."

Mo pa òdo rẹ́ lójúlé gbogbo wa, mo kọ mẹ́jọ.
Àgò o.
Àgò yà. Àgò yà. Mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀.
Sìdíkátù pariwo nínú yàrá: "Ó ti wọlé!"

Màmá fi àgbọ̀n júwe kọ̀ǹpútà: "Kí lorúkọ rẹ̀?"
Mo ní kò tíì ní.
"O ń pe nǹkan tí kò lórúkọ látàárọ̀, o fẹ́ kó jẹ́?"
Ó ní kí n kọ Àkànbí.
Bàbá mi nìyẹn, tó jẹ́ pé lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀
ló ti máa ń kígbe àgò kó tó wọlé.

Ẹ̀rọ kọ̀, kò gba àmì ohùn lórí orúkọ.
Mo tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ: akanbi.
Màmá kà á, ó fajú ro.
"Òyìnbó wo ló ń pè é bẹ́ẹ̀?"
Ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá àmì náà padà, lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.

Mo lọ sórí ẹ̀rọ Sìdíkátù, mo pe orúkọ náà láti ibẹ̀.
Ìdáhùn dé kí n tó ṣẹ́jú.

"Ṣé ó jẹ́ ọ?"
"Ó jẹ́ mi, Màmá."
"Sọ fún un pé yúníìtì iná ti fẹ́ tán."